Ìjà owó iná di ìjà èébú nínú ilé wa: báwo ni onígbàgbọ́ ṣe ń làjà tí kò fi ní di ẹlẹ́nu méjì?

Akápò_Ilé (Ṣáṣá)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Mítà kan ṣoṣo la jọ ń lò, èyí tí wọ́n ń ra káàdì sí. Èmi ni mò ń gba owó lóṣooṣù, iye kan náà sì ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń dá. Ìyàwó kan ní yàrá iwájú gbé fírísà wọlé, ó ń ta omi tútù àti omi dídì. Màmá tó wà ní yàrá kẹrin ní òun ò dá iye kan náà mọ́ láé. Wọ́n fà á títí ó fi di èébú, màmá wá sọ̀rọ̀ kan nípa ọmọ tí ìyàwó ò tíì bí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, wọn ò kí ara wọn. Ìjọ kan náà làwọn méjèèjì ń lọ, màmá sì wà lára olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Ilé ti pín sí méjì. Alhaja tó wà ní yàrá kẹjọ ò tíì san owó oṣù yìí, wọ́n ní àwọn ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Tílẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀kan á kan ilẹ̀kùn mi. Tó bá lọ, èkejì á dé. Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni mi ò gbọdọ̀ ṣe?

Ọmọ_Bẹẹrẹ
Gba owó, ra káàdì, kó o gbẹ́nu dákẹ́. Òwe 26:17 ti sọ ọ́: ẹni tó ń kọjá lọ tó dá sí ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀ dà bí ẹni tó di ajá mú létí. O ò lè dì í mú pẹ́, tó o bá sì jù ú sílẹ̀ á gé ọ jẹ. Gbàdúrà fún wọn, ó tó.

Alàgbà_ÒkèÀdó
Ọmọ Bẹẹrẹ, ẹni tó ń kọjá lọ ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. Akápò ò kọjá lọ síbì kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ń kàn. Etí ajá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bi wá. Mátíù 5:9 ò sì sọ pé alábùkún fún ni àwọn tó fẹ́ àlàáfíà. Ta ni ò fẹ́ àlàáfíà? Àwọn onílàjà ló pè ní alábùkún fún. Iṣẹ́ ni ìlàjà, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Akápò, kọ́kọ́ fòpin sí kíkan ilẹ̀kùn lálẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ń yọ́ wá lóru ò wá kó o làjà, ó wá kó o gbè é lẹ́yìn ni. Sọ ọ̀rọ̀ kan náà fáwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà: “Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ fún mi láyè lọ́jọ́ Sátidé.” Gbọ́ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó o bá fi ìṣẹ́jú ogójì gbọ́ ti ọ̀kan, fi ogójì gbọ́ ti èkejì, torí wọ́n máa kà á. Má ṣe é nínú yàrá èyíkéyìí nínú wọn. Omi tútù fírísà yẹn pàápàá, má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi parí.

Ìbéèrè mẹ́rin ló tó. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Èwo ló dùn yín jù níbẹ̀? Kí lẹ fẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ láti òní lọ? Má béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ìkẹta ni kó o dúró lé lórí, nítorí ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń dùn wọ́n. Tó bá ti sọ tán, dá a padà fún un: “Tí mo bá gbọ́ yín yé, ẹ ní kì í ṣe owó náà ló dùn yín, bí ẹnikẹ́ni ò ṣe sọ fún yín kí wọ́n tó gbé fírísà wọlé ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, tún béèrè. Ìgbà tó bá mí kanlẹ̀ tó ní “bẹ́ẹ̀ ni gan-an” lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Kó o wá ṣọ́ ẹnu rẹ. “Ẹ̀n-ẹ́n, òótọ́ lẹ sọ” ti ba ìlàjà jẹ́ ju èébú lọ. Kílẹ̀ tó mọ́, á ti di “Akápò gan-an ní èmi ni mo jàre”. “Mo gbọ́ yín” ni kó o máa sọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe 18:17 náà sọ ọ́: ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ a dà bí ẹni tó jàre, títí ẹnìkejì rẹ̀ á fi dé.

Oníná_Mókọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká ya owó kúrò lára èébú, torí ìṣirò ló máa yanjú ti owó.

Ìwé pélébé kan wà lẹ́yìn fírísà, tàbí nínú rẹ̀ lẹ́bàá ìdérí, wọ́n kọ wáàtì sí i. Ká ní 200 ni wọ́n kọ. Tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí márùn-ún gbáko, yúnìtì kan ló jẹ. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì fírísà kì í ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó ń tàn, ó ń kú. Tí iná bá wà fún wákàtí 20 lóòjọ́, tí ẹ́ńjìnnì sì ṣiṣẹ́ ìdajì rẹ̀, wákàtí 10 nìyẹn, yúnìtì 2 lóòjọ́, 60 lóṣù. Ti ẹni tó ń tajà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń kó sí i ṣáá, ó sì ń ṣí i nígbà gbogbo. Ẹ wo iye tí yúnìtì kan jẹ́ lórí rìsíìtì káàdì tẹ́ ẹ rà gbẹ̀yìn, ẹ fi 60 ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀. Iye tí wọ́n ń jà lé lórí nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tẹ́nì kan rò, ó sì lè jẹ́ ìdajì ohun tẹ́lòmíì rò.

Ẹ má dúró lórí fírísà nìkan o! Sítóòfù oníná 1,500 wáàtì tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀ fún wákàtí kan lóòjọ́, yúnìtì kan ààbọ̀ ni, 45 lóṣù. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì, wákàtí kan, yúnìtì kan. Ẹ kọ ti gbogbo yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀, títí kan ti Akápò. Tí yàrá kẹrin náà bá ní sítóòfù oníná, tó sì rí i lórí ìwé, ohùn á rẹlẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí.

Ohun tó máa pa ìjà náà run ni mítà kékeré, èyí tó máa ń ka iná yàrá kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn mítà ńlá ni wọ́n máa ń fi í sí, lára wáyà tó lọ sí yàrá iwájú. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná ni kó fi í, kó má sì fọwọ́ kan mítà ńlá rárá. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín fa wáyà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, olè ló fẹ́ sọ yín dà. Lóṣooṣù, ẹ ka nọ́ńbà ojú rẹ̀, ẹ yọ ti oṣù tó kọjá kúrò, yúnìtì tí yàrá iwájú lò nìyẹn, owó rẹ̀ ni wọ́n máa san. Yàrá mẹ́sàn-án tó kù á pín ìyókù.

Ìyá_Ìjọ_Àpáta
Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ làwọn méjèèjì, Jésù sì ti la ọ̀nà sílẹ̀. Mátíù 18 ẹsẹ 15 sí 17. Lọ bá màmá, ìwọ àti wọn nìkan, torí àwọn ni wọ́n bú ènìyàn. Tí wọn ò bá gbọ́, mú díákónì kan tàbí méjì dání. Tí wọn ò bá tún gbọ́, kí pásítọ̀ gbọ́. Ta ni tún ń wá ọ̀nà míì?

Olùkọ́_Bódìjà
Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tún un kà. “Bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́” ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń rán lọ, kì í ṣe alárinà. Wọn ò ṣẹ Akápò. Tó bá lọ bá màmá lọ́nà tẹ́ ẹ sọ yẹn, ó ti gbé ẹ̀wù ìyàwó wọ̀, kò sì lè bọ́ ọ mọ́. Ti ẹni tó ṣẹ̀ wà ní Mátíù 5:23 àti 24: fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Ẹ rí i pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀, Jésù rán àwọn méjèèjì jáde nílé. Ojú ọ̀nà ló yẹ kí wọ́n ti pàdé. Iṣẹ́ Akápò ni kó mú ọ̀nà náà rọrùn láti rìn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹsẹ tó bá alárinà mu, Fílípì 4:2 àti 3 ni. Obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè. Pọ́ọ̀lù bẹ ti àkọ́kọ́, ó bẹ ti ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan náà fáwọn méjèèjì, kò sì sọ ẹni tó jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹnì kan ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ti díákónì àti pásítọ̀, ohun méjì ni kẹ́ ẹ rò. Màmá ní ipò nínú ìjọ, ìyàwó ò ní. Kó tó dé ọ́fíìsì pásítọ̀ ló ti máa rò pé wọ́n ti dá ẹjọ́ òun. Èkejì, Alhaja ń san owó iná bí tiwọn, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sínú ìjọ, ẹ ti ti àwọn tó jọ ń jẹ gbèsè rẹ̀ mọ́ta.

Ìyá_Ìjọ_Àpáta
Mo gbà ti “ṣẹ̀ ọ́” yẹn, ẹ ṣeun. Àmọ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin tó fi àìrọ́mọbí bú ọmọ ìjọ rẹ̀, ìjọ ní láti gbọ́ lọ́jọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá bò ó, òun náà ló máa gbàdúrà fáwọn àgàn lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Challenge
Ibi tí mo ti ń dúró de ẹnìkan nìyẹn. Gbogbo yín ń ṣírò yúnìtì, èébú yẹn wà nílẹ̀. Ẹni tó ń wá ọmọ ń ka oṣù, ó ń gbé kọ́bọ̀ pamọ́ fún dókítà, ó ń yẹra fún ìkómọ. Ẹni tí wọ́n bá là á mọ́ lójú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí yàrá mẹ́sàn-án ti gbọ́, kò ní gbọ́ ìṣirò kankan. Ẹ kọ́kọ́ wo ọgbẹ́ yẹn kẹ́ ẹ tó dé orí fírísà.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún èébú náà sọ níbi ìjókòó. Àwọn onílàjà máa ń béèrè pé, “Kí ni wọ́n sọ gan-an? Ẹ tún un sọ ká gbọ́.” Ẹ ti jẹ́ kí wọ́n bú u lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, lójú ẹ̀yin ẹlẹ́rìí. “Ọ̀rọ̀ tí màmá sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn” ti tó, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n.

Ní ti ẹ̀bẹ̀, “ẹ má bínú tó bá dùn yín” kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. “Tó bá dùn” yẹn ń sọ pé bóyá kò yẹ kó dùn. “Inú ló ń bí mi” náà kò tó, àwáwí ni. Ohun tó yẹ kó jáde lẹ́nu màmá kò gùn: “Mo fi ohun tó jẹ́ ẹkún rẹ bú ọ. Kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde, ìwọ kọ́ lo fà á. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ níwájú rẹ, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ.” Kó dákẹ́ síbẹ̀. Kó má fi “ṣùgbọ́n ìwọ náà” kún un. Àwọn méjèèjì nìkan ni kí wọ́n wà nígbà tó bá ń sọ ọ́, Akápò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, nítorí gbangba ló ti bú u, kó sọ fún ará ilé lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá pé pé òun ṣìwí, òun sì ti bẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn kan ti tó, kò gbọdọ̀ tún sọ ohun tí òun sọ.

Tí ìyàwó bá ní òun gbọ́ ṣùgbọ́n òun ò tíì lè rẹ́rìn-ín, ẹ fi í sílẹ̀. Má sọ fún un pé “onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ dárí jì”. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ti lójijì.

Bàbá_Olódó
Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ Yorùbá ni wá. Màmá lágbà. Kí ìyàwó kúnlẹ̀ kọ́kọ́, kó ní “ẹ má bínú, mà”, ara màmá á rọ̀, àwọn náà á wá bẹ̀ ẹ́. Ọmọdé ló ń bẹ àgbà.

Alàgbà_ÒkèÀdó
Bàbá Olódó, mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ìlàjà wa ti ń bàjẹ́ nìyí. Wọ́n á ní kí ọmọdé kúnlẹ̀, á kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí lójú àgbà, á wá bẹ̀rẹ̀ ní ọkàn ọmọdé. Jeremáyà 6:14 bá àwọn tó ń sọ pé “àlàáfíà, àlàáfíà” wí, nígbà tí kò sí àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó kúnlẹ̀ kí màmá bó ṣe yẹ kó máa kí wọn. Ìyẹn jẹ́ ìwà. Kó má kúnlẹ̀ jẹ̀bi ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀: ó gbé fírísà wọlé láìsọ fún ará ilé, kó tọrọ àforíjì fún ìyẹn.

Ní ti èyí tó yẹ kó ṣáájú, mi ò bá Nọ́ọ̀sì lọ. Owó ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun kékeré tí wọ́n bá jọ fọwọ́ sí á jẹ́ kí wọ́n rí i pé àwọn ṣì lè jọ sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí kò sì jinná lọ́jọ́ yẹn, owó náà kò ní yanjú, Alhaja náà ò sì ní san.

Nọ́ọ̀sì_Challenge
Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe nígbà tí èébú bá jẹ́ “olójúkòkòrò” tàbí “aláìmoore”. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí Akápò bá gbọ́ nínú ìbéèrè kẹta yín yẹn. Tí ìyàwó bá dárúkọ owó, ẹ fi owó bẹ̀rẹ̀. Tó bá dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn tàbí tó bú sẹ́kún, ẹ má fọwọ́ kan owó.

Alàgbà_ÒkèÀdó
Ìyẹn bọ́ sí i. Mo gbà.

Ọ̀làjà_Mọ́níyà
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjókòó fúnra rẹ̀, torí mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dé ibẹ̀.

Ìgbà wo? Kì í ṣe Sunday lẹ́yìn ìsìn, ebi á ti máa pa wọ́n. Kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ tí oníbàárà omi dídì ń kan fèrèsé. Kì í ṣe ọjọ́ tí káàdì tán, tí ilé wà lókùnkùn. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò síṣẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ló dára. Wákàtí kan ààbọ̀ ni kó pọ̀ jù. Tí kò bá parí, ẹ dá ọjọ́ míì kí wọ́n tó dìde. Ìjókòó tó bá kọjá wákàtí méjì, àárẹ̀ ló máa ń dá ẹjọ́ níbẹ̀.

Àga, ẹ má tò ó kó dojú kọra bíi ti kóòtù Mápó. Ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn díẹ̀, kí àwọn méjèèjì kọjú sí Akápò. Ẹni tó bá ń bínú, tó sì ń wo ojú ẹni tó ń bí i nínú, kò lè gbọ́ tẹ́lòmíì. Ẹ rán àwọn ọmọdé jáde. Ẹ pa fóònù. Ẹ má gba “ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí” láyè, àyàfi tí ẹnìkejì náà bá mú ẹnì kan wá.

Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú. “Olúwa, ràn wá lọ́wọ́ ká gbọ́ ara wa yé, ní orúkọ Jésù.” Ó parí. Àdúrà “Olúwa, tú àṣírí ẹni tó ń fa wàhálà nínú ilé yìí” ti di ìwàásù, ẹni tó ń ṣe àmín náà ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Bí Alhaja bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gba tiwọn náà.

Òfin mẹ́ta lẹ máa sọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnìkejì ò ní dá sí i; ọ̀rọ̀ fírísà àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan la ó sọ, kì í ṣe ti ìgbálẹ̀ èṣí; kò sẹ́ni tó máa pe ẹnikẹ́ni lórúkọ tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn ní Sátidé ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n máa gbaná jẹ o. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Tí ẹnì kan bá dìde tó ń nàka, má pariwo lé e. Dúró, rẹ ohùn tìrẹ sílẹ̀ ju bó ti wà lọ, kó o ní, “Ẹ jókòó, mà. Ẹ ṣì ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.” Òwe 15:1, ìdáhùn pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ ọ̀fun ni. Tí wọn ò bá jókòó, ẹ sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹnì kan bu omi. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ tú ká láìsí ìbáwí, ẹ dá ọjọ́.

Kó o má dá ẹjọ́, Akápò. Lúùkù 12, ẹnì kan ní kí Jésù bá òun pín ogún, ó ní ta ló fi òun ṣe onídàájọ́ wọn. Béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì: “Kí lẹ rò pé ó máa tẹ́ ẹnìkejì yín lọ́rùn?” Ẹ̀rù á bà ọ́ nígbà tí wọ́n bá dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Ọmọ_Bẹẹrẹ
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun kankan sórí gúrúùpù WhatsApp ilé. Fọ́ìsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ, má fi ránṣẹ́ síwájú, má jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn, fọ́ìsì sì lè fọ́ lójú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ Akápò ni ọ̀rọ̀ yìí báyìí, Alàgbà.

Akápò_Ilé (Ṣáṣá)
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbọ́ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó ò dárúkọ owó rárá. Màmá ní òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ṣùgbọ́n òun ò mọ bí òun ṣe máa wọ yàrá náà. Ìyàwó ní òun ò lè jókòó síwájú ẹnu tó bú òun, kì í ṣe ní báyìí. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìtàn_Kúdẹtì
Kò bàjẹ́. Ìlàjà tó tóbi jù nínú ìtàn Ìbàdàn, wọn ò kó àwọn tó ń jà jókòó pọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ogun Kírìjì ti ń jà láti ọdún 1877, Ìbàdàn níhà kan, Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, níhà kejì. Ní 1886, àlùfáà méjì, Samuel Johnson, tó dàgbà sọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Kúdẹtì níbí, àti Charles Phillips, ni wọ́n ń lọ láti ibùdó kan sí èkejì, tí wọ́n ń gbọ́ ti ẹni yìí, tí wọ́n ń mú ọ̀rọ̀ lọ fún ẹni tọ̀ún, títí ọ̀rọ̀ fi bára mu. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù September ọdún yẹn.

Bí ìwọ náà ṣe máa ṣe é nìyẹn. Bi màmá ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó o gbé lọ, kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú wọn, kà á fún wọn, kí wọ́n ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan ni kó o gbé dé yàrá iwájú. Má fi iyọ̀ sí i kó lè dùn, torí ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, ìyàwó á bi màmá léèrè ohun tí wọn ò sọ, òpùrọ́ lo máa jẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Mo tún fẹ́ kó o kíyè sí ohun kan. Àdéhùn 1886 yẹn, àwọn ibùdó ogun ò tú tán títí di 1893. Ọ̀rọ̀ Òfà àti ti Mọ́dákẹ́kẹ́ ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò yanjú. Kí tiyín má bàa rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ palẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ fún ìkọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì_Challenge
Kí màmá má fi oúnjẹ tàbí aṣọ ránṣẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹ̀bùn tó bá ṣáájú ẹ̀bẹ̀ dà bí owó ìpanumọ́.

Amòfin_RingRoad
Ìkìlọ̀ méjì. Tí ọwọ́ bá ti kan ara, tí ẹnì kan bá ti gbá ẹnì kan, tàbí tí ọkọ kan bá ń na ìyàwó rẹ̀ nínú ilé, ẹ má pe ìyẹn ní ìjà tí Akápò á là. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹni tó wà nínú ewu kúrò, kó gba ìtọ́jú ní ọsibítù, kó tọ́jú ìwé tí dókítà bá kọ, kó fẹjọ́ sùn. Kò síbi tí Bíbélì ti ní kí wọ́n dá ẹni tí wọ́n ń nà padà sínú yàrá kó lọ gbàdúrà.

Èkejì, ẹnì kan máa ní kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá sí ẹni tí kò san owó iná. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ò gbà kí wọ́n mú ènìyàn kìkì nítorí ìrúfin àdéhùn tàbí gbèsè irú èyí. Láńlọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún, torí òun náà ló máa gba mítà kékeré láyè lára ògiri rẹ̀. Ẹ má fi í láìsọ fún un.

Akápò_Ilé (Ṣáṣá)
Láńlọ́ọ̀dù ti gbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ màmá lọ láàárọ̀ yìí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìyàwó gbọ́ ọ, ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí màmá wá fúnra wọn ní Thursday, kí wọ́n wá nìkan. Kí ló yẹ kí n kọ sínú àdéhùn owó iná?

Ọ̀làjà_Mọ́níyà
Ọlọ́run ṣeun. Má kọ èébú sínú ìwé náà rárá. Owó nìkan: ọjọ́ tí mítà kékeré máa wọlé, ẹni tó máa san owó rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n á máa ka nọ́ńbà, ẹni tó máa bá ọ kà á, àti ohun tí wọ́n á ṣe sí owó oṣù tó ti kọjá. Ẹ̀dà kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, Alhaja náà, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kọ ọjọ́ kan sí i, oṣù mẹ́ta sí òní, tẹ́ ẹ máa tún jókòó wò ó.

Akápò_Ilé (Ṣáṣá)
Màmá ní àwọn á dá ìdajì owó mítà náà.

Alàgbà_ÒkèÀdó
Béèrè lọ́wọ́ ìyàwó bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ kó o tó gbà á. Kó lọ́wọ́ láti ní “rárá, ẹ ṣeun”.

Oníná_Mókọ́lá
Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í, ojú mítà kékeré kì í sábà wà ní òdo, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Kí màmá àti ìyàwó jọ dúró níbẹ̀, kí ọ̀kan ka nọ́ńbà náà sókè, kí èkejì kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹni tó fi í tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.